Ihò Ẹ̀yìnkùlé Ni Mo Ń Ju Páàdì Ẹ̀gbọ́n Mi Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo ti jalè rí. Mo ti purọ́ fún aṣọ́bodè mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo sì sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti sá kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi ní èbúté tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀, torí pé wọ́n ní kí n wá fọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó mú mi jókòó kọ̀wé.

Èyí tó mú mi kọ̀wé ni páàdì ìtọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń wọ̀, àti ibi tí mo ń jù ú sí.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí. Àjò ni wọ́n ń pè mí níbi gbogbo tí mo ti ṣiṣẹ́. Mo ti ru ẹrù, mo ti ṣọ́ géètì, mo ti kun ọkọ̀ ojú omi lọ́dà. Nígbà tí orúnkún mi kọ iṣẹ́, mo gbé báàgì mi kan ṣoṣo, mo lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi.

Awakọ̀ ojú irin ni ẹ̀gbọ́n mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wò mí, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"O pẹ́," ló wí.

"Ìṣẹ́jú mélòó, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ó yà fún mi, mo wọlé. Bí a ṣe kí ara wa nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ ìdí tó fi gbà mí sílé. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un nísàlẹ̀ ikùn. Láti ìgbà náà, ìtọ̀ kì í dúró dè é mọ́. Ọkùnrin tí kò pẹ́ dé téṣàn rí láyé rẹ̀, ìtọ̀ ló wá ń ṣáájú rẹ̀ dé. Páàdì ńlá ló ń wọ̀, mẹ́ta lójúmọ́, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dì í, kò sì lè gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Iṣẹ́ rẹ nìyẹn," ó ní. "Wàá máa sùn níbí, wàá máa jẹun níbí, wàá máa bá mi kó o dànù. Ohun kan péré ni mo bẹ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí má mọ̀."

"Ta ni mo mọ̀ tí màá sọ fún?"

"O ò tíì mọ̀ wọ́n ni."

Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wò ó lọ́jọ́ Ajé ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Bàbá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ná. Tí ìgbẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ẹ da ìgbẹ́ náà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìgbẹ́ nìkan o, kì í ṣe páàdì. Ẹ wá ká a, kí ibi tó tutù wà nínú. Ẹ fi gọ́ọ̀mù etí rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó di inú ọ̀rá, ẹ so ó. Ó tún di inú ọ̀rá kejì, ẹ so ìyẹn náà. Garawa onídèérí tó wà níwájú ilé nibi tó ń lọ, àwọn akódọ̀tí á wá gbé e. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́, ẹ fọṣẹ fọ ọwọ́."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ṣe é kí n rí i."

"Nọ́ọ̀sì, mo ti di ẹrù tó la òkun kọjá, tí okùn rẹ̀ ò tú."

"Ẹrù yẹn ò rùn. Ẹ ṣe é."

Mo ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí ògiri títí mo fi ṣe é tán.

Ilé alájà mẹ́ta ni ilé yẹn. Àwa wà lókè pátápátá. Màmá Onílé wà láàárín. Nísàlẹ̀, ọmọbìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìkókó ló ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ olóṣù márùn-ún. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kálukú wà nínú yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù kan náà ló ń gba ìdọ̀tí gbogbo wa lọ sẹ́yìnkùlé.

Garawa ìdọ̀tí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Àga Màmá Onílé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa. Láràárọ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀, tí á máa hun súwẹ́tà kan tí kì í tán, tí á sì máa fojú ka ẹni tó jáde àti ẹni tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ṣe é bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kan, ó dá mi dúró.

"Bàbá Àjò, kí lẹ ń gbé jáde tí kì í tán yìí?"

"Ìdọ̀tí ni, Màmá."

"Ọkùnrin méjì péré, ìdọ̀tí tó tó báyìí? Àbí ẹ ń bímọ lókè ni?"

Ìyá Ìkókó tó ń sá aṣọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú.

"Ewé tíì ni," mo ní. "Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn tíì."

"Ewé tíì." Ó na abẹ́rẹ́ tó fi ń hun súwẹ́tà, ó fi tẹ ọ̀rá náà. Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Tíì yín rọ̀ bíi tìmùtìmù."

Ó yẹ kí n sọ pé, "Màmá, ọ̀rọ̀ ara ẹni ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀." Gbólóhùn kan péré ni. Ìbá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sá, kì í mọ gbólóhùn kan péré sọ.

Ihò kan wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí páìpù ilé ti ń já sí. Ìdérí irin ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú òrùka tó ti dógùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń dé ibẹ̀ àfi èmi tí mo máa ń sá àkísà ìnulẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wo ìdérí yẹn. Mo ń wò ó, òun náà ń wò mí.

Nínú ọkọ̀ ojú omi, ohun gbogbo tí a kò bá fẹ́ rí mọ́, inú omi là ń jù ú sí. Omi kì í béèrè pé ta ló ni ín.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo ṣí i.

Ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tí mo gbọ́n. Mo mọ̀ pé ọ̀rá kì í jẹrà. Ọ̀rá tí mo jù sókun nígbà èwe mi, ó dá mi lójú pé ó ṣì ń léfòó níbì kan. Nítorí náà, kí páìpù má baà dí, mo tú ọ̀rá àkọ́kọ́, mo tú ìkejì, mo tú páàdì tí mo ti ká dáadáa, mo wá jù ú síhò ní ìhòòhò, bí ìgbà tí wọ́n bọ́ ẹ̀wù ọmọ kó tó wọ omi ìwẹ̀. Mo ká ọ̀rá náà sápò. Mo rò pé àánú ni mo ń ṣe páìpù.

"Ó ti lọ?" ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń béèrè.

"Ó ti lọ."

"Ẹnikẹ́ni rí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rí mi."

Òótọ́ ni méjèèjì. Ohun tó burú jù nínú irọ́ mi nìyẹn.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé omi ni páàdì ń mu. Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é nìyẹn. Tó bá kúrò lára ènìyàn, kò mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ó ń mu omi lọ ni, ó ń wú, títí tó fi tó ìrọ̀rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ Ìyá Ìkókó ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tí Màmá Onílé bá da omi lókè, tirẹ̀ á máa hó nísàlẹ̀ bí ìkòkò. Ó lọ fẹjọ́ sùn.

"Ìlédìí ọmọ rẹ ni," ni Màmá Onílé wí.

"Màmá, ẹ̀yin náà ń rí mi. Iwájú yín ni mo máa ń gbé e gbà lọ sí garawa."

"Èyí tí mo rí, mo rí i. Èyí tí mi ò rí ńkọ́?"

Ọjọ́ kẹta sí i, omi náà jáde. Àárọ̀ ni. Ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ yàrá, ó dé abẹ́ ẹní ọmọ. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti òkè. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ti gbé ọmọ lé èjìká, ó dúró lórí àpótí, bàtà rẹ̀ kan ń léfòó lọ.

Mo bá a gbọ́n omi. Garawa mẹ́sàn-án. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ̀ kalẹ̀."

Mi ò mọ nǹkan kan lára. Mò ń gbọ́n omi lọ ni.

Màmá Onílé dé, ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fi aṣọ bo imú. "Tí oṣù yìí bá parí, kí o wá ilé lọ. Mi ò lè jẹ́ kí ìlédìí ba ilé tí ọkọ mi kọ́ jẹ́."

Ìyá Ìkókó yíjú sí mi. "Bàbá Àjò, ẹ̀yin lẹ máa ń wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ sọ fún wọn. Ṣé ẹ rí mi níbẹ̀ rí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà níbẹ̀. Ọmọ tuntun wà léjìká ìyá rẹ̀, ó ń wò mí.

"Èmi kì í wo ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe," ni mo wí.

Mo gbé garawa mi, mo gòkè lọ.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, púlọ́ńbà dé. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, aláwàdà, tí ẹ̀fẹ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fi igi gbé ìdérí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ki ìkọ́ irin bọ inú ihò. Gbogbo ilé ló jáde, àwọn ará ilé kejì náà gbọ̀nà ẹ̀yìn wá wòran.

Ó fa àkọ́kọ́ jáde. Ó tóbi, ó ń kán tó, tó, tó.

"Ìlédìí ọmọ rẹ rèé," ni Màmá Onílé wí.

Púlọ́ńbà nà án sílẹ̀ pẹ̀lú ìkọ́. Ó fi wọn ara rẹ̀ láti ìbàdí kan sí èkejì, ó sì tún kù.

"Ìyá Ìkókó," ó ní, "ọmọ wo lẹ bí? Ọmọ erin?"

Àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ìkókó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Púlọ́ńbà ń fà, ó ń tò ó sílẹ̀. Nígbà tó pé ogójì, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Màmá Onílé gbé ojú sókè díẹ̀díẹ̀. Ó wo fèrèsé tirẹ̀. Ó wo èyí tó wà lórí tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lójú fèrèsé. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀. Ó kúrò níbẹ̀.

Ó tó oṣù márùn-ún tó ti sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn. Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Gbogbo wa dúró, a ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Tèmi ni," ó ní.

"Bàbá, ẹ padà sókè, ẹ jọ̀ọ́," ni Màmá Onílé wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Èmi ni mo ń wọ̀ ọ́. Ìtọ̀ kì í dúró lára mi. Ọmọbìnrin yìí ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbé yàrá rẹ̀."

Púlọ́ńbà bọ́ fìlà. "Bàbá, wíwọ̀ ọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bàbá tèmi náà wọ̀ ọ́. Ta ló ń jù ú síbí ni mò ń béèrè."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Kò fajú ro. Ó dúró bí awakọ̀ ṣe ń dúró níwájú iná pupa, tó mọ̀ pé iná á yí padà tó bá yá. Ó fún mi láyè. Omi ń kán lẹ́nu ìkọ́ púlọ́ńbà, mo kà á dé mọ́kànlá.

Mo ki ọwọ́ mi bọ àpò.

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Púlọ́ńbà wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ó wo ìdérí irin. "Ìdérí yìí? Èmi gan-an, igi ni mo fi gbé e."

Ìyá Ìkókó wá dúró níwájú mi. Kò pariwo.

"Bàbá Àjò, ẹ la àtẹ́lẹwọ́ yín."

Mo là á. Ògùn-ún òrùka yẹn ti fà lórí ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pupa, bí ojú irin. Mo ń fọṣẹ fọ ọwọ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe wí, ṣùgbọ́n ó ti wọnú awọ.

"Mo bi yín," ó ní. "Mo bi yín, ẹ wo ojú ọmọ mi, ẹ gòkè lọ."

Màmá Onílé ò bú mi. Ohun kan péré ló sọ.

"Ewé tíì."

Ẹ̀gbọ́n mi yí padà, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ. Nígbà tó dé ìkẹwàá, ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ dúdú. Ó ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo àgbàlá rí i. Kò yára, kò dúró.

Kò sẹ́ni tó ní kí n kó páàdì wọ̀nyẹn. Mo lọ mú ìbọ̀wọ́, mo lọ mú ọ̀rá. Mo ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rá kan, ọ̀rá kejì. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, èmi náà ni mo fẹ́ gbàgbé. Ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kí n tó ṣe tán. Ara mi kú tipiri, bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ló ń so ọ̀rá.

Màmá Onílé bẹ Ìyá Ìkókó pé kó dúró. Kò dúró. Ó ní òórùn náà ti wọ ara ẹní ọmọ òun. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bá a gbé àpótí dé etí títì. Mo ní, "Ó dàbọ̀, ọmọ mi." Ó gbà á lọ́wọ́ mi, kò dáhùn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi jà. Ohun tó ṣe ni pé kò mu omi mọ́.

Mo gbé ife síwájú rẹ̀ láàárọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó ṣì kún. Páàdì tí mò ń bọ́ ń fúyẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, ètè rẹ̀ ti bó. Nọ́ọ̀sì dé, ó fa awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sókè, awọ náà kò padà.

"Bàbá, tí ẹ ò bá mu omi, ìyókù ìtọ̀ tó wà nínú yín á máa jó yín, àrùn á wọlé. Màá gbé yín lọ sílé ìwòsàn lọ́la. Ogún ènìyàn ló wà ní wọ́ọ̀dù yẹn."

"Ohun tí kò bá wọlé kò ní jáde," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún tò ó sílẹ̀ kà."

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí.

Nígbà tó lọ, mo di báàgì mi. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Ìlú tí ojú bá ti tì mí, ẹsẹ̀ mi kì í sùn níbẹ̀. Mo gbé báàgì dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ọkọ̀ wo lo fẹ́ wọ̀?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè láti orí ibùsùn.

"Mi ò tíì mọ̀."

"Kó ìyẹn dànù kí o tó lọ."

Páàdì àárọ̀ ló ń tọ́ka sí. Ó wà nílẹ̀, nínú ọ̀rá rẹ̀ méjèèjì. Mo gbé báàgì kalẹ̀, mo gbé ọ̀rá.

Mo gba iwájú. Ọ̀sán gangan ni, òpópónà kún. Màmá Onílé wà lórí àga rẹ̀. Mi ò fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ, mi ò sáré. Mo dúró níwájú rẹ̀.

"Páàdì ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá. Mo ti dì í dáadáa."

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró. "Ó ti mu omi?"

"Rárá."

Ó fi súwẹ́tà sílẹ̀. Ó dìde, ó gbé ìdérí garawa sókè fún mi, ó sì kọjú sí títì bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń kọjú sí ògiri, títí mo fi fi í síbẹ̀ tán. Ó dé e padà. Ó wá fa àga rẹ̀ lọ sí òdìkejì ẹnu ọ̀nà, ibi tí kò ti ní máa rí garawa, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun.

Mo gòkè. Mo fọ ọwọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi bó ṣe rí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mi ò fi ọ̀kan pamọ́. Mo sọ fún un pé àga ti kúrò níbẹ̀.

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"O pẹ́," ó ní.

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́rin."

Ó na ọwọ́ sí ife. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, omi ń dà sí àyà rẹ̀. Mi ò bá a mú un. Ó mu ún dé ìdajì, ó gbé e kalẹ̀.

Báàgì mi ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tó tó wákàtí kan, ó pè mí.

Mo wọ ìbọ̀wọ́.